Ilà Ojú, Ère Èsìẹ́ àti Àwọn Ahunṣọ Inú Ara

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, wọ́n sì ní kí n fúnra mi mú orí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ forí jì mí. Àpá ni mo mú wá.

Ohun tó fà á ni pé mo ya Èsìẹ́ lánàá kí n tó wọ ìlú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé tòsí lè ti rí àwọn ère yẹn títí ó fi sú yín, ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá ti gba ọ̀nà yìí, ẹsẹ̀ mi kì í kọjá ibẹ̀. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó sórí àpótí, ẹni tó gbé àdá lé èjìká, ẹni tó dirun bí ẹni tó ń lọ òde ìyàwó. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, òyìnbó ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn fáyé gbọ́ lọ́dún 1933. Nígbà tó di 1945, ìjọba dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ bí ọdún méje. Pélé mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá yìí lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọmọ náà wo ère kan tí wọ́n fín ilà sí lójú, ó wo ojú ìyá rẹ̀ àgbà, ó tún wo ère. Ló bá ní, “Màmá, ṣé tiyín náà ò ní parẹ́ láéláé?” Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni yóò pa á rẹ́? Mi ò tíì rá kòrò tí olóòlà ti parí iṣẹ́ tiẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo gbé sùn. Bí a bá fi ojú ẹni tó ń kọ́ni nípa ara ènìyàn wò ó, ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Olóòlà parí tirẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ilà inú òkúta kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́ ju kó wà níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ṣe òkúta. Èérún awọ tí kànìnkànìn ń ha kúrò lára yín láàárọ̀, awọ òkè ni. Láàárín nǹkan bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀, awọ òkè yẹn ti lọ pátápátá, òmíràn ti rọ́pò. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún ti pààrọ̀ awọ òkè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Kí ló wá dé tí pélé ò bá a lọ?

Ẹ jẹ́ ká dé ìsọ̀ alápatà ká tó dáhùn. Bí ó bá ti fọ̀bẹ la itan màlúù, ẹ ó rí awọ funfun kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń dán, tó bo ẹran kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ewé ṣe ń bo mọ́ínmọ́ín. Àwọn ìyá wa máa ń fà á dànù nítorí kì í tètè jinná. Iṣan líle tó so ẹran mọ́ eegun ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, kérékéré imú àti etí ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rá ń bẹ níbẹ̀, eegun fúnra rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Pọ̀nmọ́ tí a ń jẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Ìdílé kan ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká pe ìdílé náà ní ẹran ìsopọ̀. Ẹran tó kù ló ń ṣe iṣẹ́ tí ayé ń rí: ọkàn ń lù, kíndìnrín ń sẹ́ ìtọ̀, ẹ̀dọ̀ ń yọ májèlé. Ẹran ìsopọ̀ ló gbé wọn ró. Ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ bí ó ṣe rọ̀ yẹn, òwú ẹran ìsopọ̀ ló ta káàkiri inú rẹ̀ bí okùn inú kànìnkànìn. Bí ẹ bá yọ òwú náà kúrò, ẹ̀dọ̀ á ṣàn sílẹ̀ bí ògì.

Ẹni tó bá ti se bọ̀kọ́tọ̀ rí ti rí ohun tí wọ́n fi hun ún. Ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀ lálẹ́, ẹ ṣí i láàárọ̀: omi ọbẹ̀ ti dì, ó ń mì lọ́jọ̀lọ́jọ̀, ṣíbí lè dúró nínú rẹ̀. Kọ́lájìn nìyẹn. Iná ló tú u, òtútù ló jẹ́ kó tún lọ́ mọ́ra gátagàta. Nínú gbogbo purotéènì tó wà lára ènìyàn, òun nìkan sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ Íńdíà kan, G. N. Ramachandran, pẹ̀lú Gopinath Kartha tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Madras, ló sọ lọ́dún 1954 bí ó ṣe rí: òwú mẹ́ta tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ẹni tó bá ti lọ́ okùn rí mọ ìdí rẹ̀. Òwú kan á já, òwú méjì á máa yọ̀, òwú mẹ́ta ló ń di ara wọn mú.

Ta ló ń hun ún? Sẹ́ẹ̀lì kan ni, fáíbróbláàsì lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ yẹn ti sú mi lẹ́nu láti ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ahunṣọ ni màá pè é nílé níbí. Ó gùn, orí àti ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì awọ òkè máa ń tò mọ́ra gbágbáágbá bí búlọ́ọ̀kù ilé. Ahunṣọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, inú aṣọ tó hun ló sì ń gbé. Òun ló ń hun aṣọ, òun ló ń gé èyí tó ti gbó, òun náà ló ń fi tuntun dípò rẹ̀. Kì í kúrò nídìí iṣẹ́.

Ìtàn kan wà tó fi hàn pé òótọ́ ni kì í kúrò. Láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ń lo oṣù lórí òkun láì rí èso tàbí ẹ̀fọ́ jẹ, àìsàn kan wà tó ń pa àwọn atukọ̀: èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa mì. Nínú ìrìn àjò Anson, ọ̀gágun orí omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1740 sí 1744, atukọ̀ kan wà tó gbọgbẹ́ lójú ogun ní Ireland lọ́dún 1690. Ó ti jinná láti àádọ́ta ọdún. Àìsàn yìí mú un lórí omi, ọgbẹ́ àádọ́ta ọdún náà sì tún là bí ẹni pé àná ni. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1747, dókítà ará Scotland kan, James Lind, fún àwọn aláìsàn méjì ní ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀ Salisbury, wọ́n sì dìde. Lónìí a mọ̀ ọ́n: láìsí fítámì C, òwú mẹ́ta kọ́lájìn kò lè di ara wọn mú. Àwọn ahunṣọ ń tú aṣọ tó ti gbó bí ìṣe wọn, wọn ò rí òwú gidi fi dípò rẹ̀. Àpá bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àṣé láti 1690 ni wọ́n ti ń tún un ṣe lójoojúmọ́ láì jẹ́ kí ẹni tó ni ara mọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń ṣa kajú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Àwọn oníṣòwò ń ra kóró, a sì ń da èso rẹ̀ sílẹ̀ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ní gbogbo ìlú wọ̀nyí, mo ṣì ń rí i bẹ́ẹ̀. Fítámì C inú èso kajú ju ti ọsàn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ewúrẹ́ wa kò lè ní irú àìsàn yẹn láéláé, ara rẹ̀ ń ṣe fítámì náà fúnra rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin ni kò lè ṣe é.

Ìdáhùn mi fún ọmọ ọdún méje yẹn ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ olóòlà kọjá awọ òkè, ó dé awọ ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ahunṣọ ń gbé. Wọ́n sáré hun aṣọ dí ibẹ̀. Aṣọ náà kò rí bíi ti àtẹ̀yìnwá: òwú ìhín gba apá kan ṣoṣo lọ, irun kò hù níbẹ̀, òógùn kò jáde níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí òwú kan bá gbó, ojú ọ̀nà èyí tó gbó ni wọ́n ń fi tuntun tọ̀. Pélé ìyá yẹn kì í ṣe ohun tí olóòlà fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tí wọ́n máa hun? Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ojú ọgbẹ́ la ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọgbẹ́ kò sì ṣàjèjì sí wa: orúkọ wa pàápàá, Ìgbómìnà, àwọn àgbà ní ọ̀dọ̀ Ògbó, àdá tó mọ̀nà, ló ti wá. Ọmọ àdá sì yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àdá bá bani lára. Ẹ jẹ́ ká ní iṣu lẹ ń bẹ, ọ̀bẹ yọ̀, ó gé yín níka ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ dà. Àwọn èérún kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọgbẹ́, wọ́n sì tu iṣẹ́ tí wọ́n gbé sẹ́nu jáde. Èròjà ara ni iṣẹ́ náà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ń jẹ́ TGF-beta. Lẹ́yìn wọn ni àwọn agbálẹ̀ dé, sẹ́ẹ̀lì funfun ńláńlá tó ń gbé kòkòrò àti ẹran tó kú mì. Àwọn náà, bí wọ́n ti ń gbálẹ̀, wọ́n ń ké sí àwọn ahunṣọ: ibí ti mọ́, ẹ máa bọ̀. Ní bí ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, àwọn ahunṣọ ti ń rá wọlé láti etí ọgbẹ́, òwú ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n ń dì mú bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà.

Lọ́dún 1971, Giulio Gabbiani àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kíyè sí ohun kan tó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Àwọn kan nínú àwọn ahunṣọ yìí ń yí padà nínú ọgbẹ́, wọ́n ń di alágbára bí ẹran iṣan, wọ́n á wá di etí ọgbẹ́ mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa fà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí ojú ọgbẹ́ ńlá fi ń sún kì, tí àpá rẹ̀ sì ń kéré ju ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ìfà yìí náà ọ̀rọ̀ ni. Ẹ ronú nípa okùn aṣọ tí wọ́n ta láàárín igi méjì: bí ẹnì kan bá fà á níhìn-ín, ẹni tó di ìkángun kejì mú á mọ̀ ọ́n lára. Bí ahunṣọ kan bá fa òwú, aládùúgbò rẹ̀ tó wà lókèèrè ń gbọ́ ọ, ó sì ń dáhùn. Àwọn tí wọ́n sún mọ́ra tún ń na ọwọ́ kan ara wọn, ihò tóóró sì wà láàárín ọwọ́ méjèèjì tí iṣẹ́ ń gbà kọjá, láìjáde síta rárá.

Ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di òwú mú là ń pè ní íntẹ́gírìn. Ó gba ara sẹ́ẹ̀lì kọjá: apá kan di òwú òde mú, apá kejì di òpó inú sẹ́ẹ̀lì mú. Ọ̀kan nínú àwọn tó là á yé wa ni Richard Hynes, òyìnbó tí wọ́n bí sí Nairobi ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1944. Òun pẹ̀lú ẹni méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Lasker lórí rẹ̀ lọ́dún 2022. Lọ́dún 2006, Adam Engler àti Dennis Discher ní Amẹ́ríkà gbé sẹ́ẹ̀lì kan náà, èyí tí kò tíì yan iṣẹ́, sórí ibùsùn oríṣiríṣi. Èyí tó sùn sórí ibi rírọ̀ bí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, èyí tó sùn sórí ibi líle bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti eegun. Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n sùn sí ló sọ ọ́.

Ní ojú ọgbẹ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan gbẹ̀yìn: ó tó. Bí aṣọ bá ti dí ihò, tí ìfà bá ti rọlẹ̀, àwọn agbálẹ̀ á yí ohùn padà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ahunṣọ á sì pa ara wọn rẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó kù á lo oṣù lórí oṣù láti tún aṣọ kánjúkánjú àkọ́kọ́ yẹn hun. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa dé ibi tó dáa dé, agbára rẹ̀ á tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti awọ tí a ò gé rí, kò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà tí ara wọn kì í gbọ́ “ó tó”. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan lu etí nígbà ọmọge, ó tún lu ihò kejì lókè ti àkọ́kọ́ nítorí pé àṣà ìgbà náà nìyẹn. Ihò náà jinná. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àpá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń dán, ó le, ó ń yún un lóru, títí ó fi tó èso àgbálùmọ̀ kékeré. Ẹnì kan gé e fún un ní ilé ìwòsàn kan, kò fún un ní nǹkan mìíràn lé e. Kò tó ọdún kan tó fi padà, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, mi ò rí etí òsì ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ́. Gèlè rẹ̀ máa ń wọ́ sí apá ibẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn mìíràn sọ pé jẹjẹrẹ ni.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ran ni, kò sì sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Kẹ́lọ́ìdì ni. Alibert, dókítà ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1806. Ó ní ó ń na ẹsẹ̀ sínú awọ tó wà lágbègbè rẹ̀ bí alákàn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1973, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Yorùbá kan, P. Omo-Dare, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà pé àwọn baba wa ti mọ àìsàn yìí ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Alibert, ó sì tọ́ka sí iṣẹ́ ọnà àti ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu wa. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n ń kọlà fún gbogbo ìlú, ta ni ìbá tún mọ ara tó gba ilà àti ara tí kò gbà á? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, J. O. Oluwasanmi ti Ìbàdàn kọ tirẹ̀ lórí kẹ́lọ́ìdì lára àwa aláwọ̀ dúdú. Àwa ló ń dà láàmú jù, ó sì máa ń wà nínú ẹbí.

Bí ẹ bá gbé ẹran kẹ́lọ́ìdì sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí kọ́lájìn nípọn, ìdì lórí ìdì, àwọn ahunṣọ sì wà nídìí iṣẹ́ bí ẹni pé ọgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìpè TGF-beta ṣì ń dún. Wọ́n sì ti kọjá ààlà ọgbẹ́, wọ́n ti wọ oko olóko. Ó wọ́pọ̀ ní àyà àti èjìká, níbi tí awọ ti ń fà gan-an, èyí sì bá ọ̀rọ̀ okùn tí mo sọ mu. Etí ni kò bá a mu. Kí ló ń fa etí? Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ràn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n má baà rò pé a ti mọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá mú lọ sílé nípa rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá ní irú àpá yìí, tàbí tí ìyá tàbí bàbá yín ní i, ẹ má ṣe lu ihò etí kejì. Bí dókítà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún yín, ẹ sọ fún un kó tó mú abẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ gé kẹ́lọ́ìdì lásán, ẹ bi í léèrè ohun tó máa fi tẹ̀ lé e: abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sínú ibẹ̀, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí ìtànṣán ní ilé ìwòsàn ńlá. Gígé nìkan ń ṣí ọgbẹ́ tuntun, ọgbẹ́ tuntun sì ni ìpè tuntun.

Àwọn ahunṣọ tí kò gbọ́ “ó tó” wà nínú ikùn pẹ̀lú, èyí ló sì ń dẹ́rù bà mí ju ti etí lọ. Nínú ẹ̀dọ̀, sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń tọ́jú fítámì A wẹ́rẹ́. Bí kòkòrò hẹpatáítísì B bá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ́dọọdún, tàbí tí ògógóró bá ń sun ún, sẹ́ẹ̀lì yìí á da fítámì rẹ̀ nù, á di ahunṣọ. Á máa hun àpá síbi tí kò sí ihò. Ogún ọdún lè kọjá láìsí ìrora. Nígbà tí ikùn bá fi máa wú fún omi, ẹ̀dọ̀ ti le bí kóró ìṣin. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bá bí i, láti dènà kòkòrò yẹn. Ìyá tó bá bímọ sílé, kó má dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù. Ìtàn Èsìẹ́ sọ pé àlejò ni àwọn ère yẹn tẹ́lẹ̀, pé ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Kí n tó jáde lánàá, mo dúró lọ́dọ̀ ọ̀kan tí orí rẹ̀ ti dá kúrò lọ́rùn. Ojú ibi tó ti dá ṣì mú ṣáṣá. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá onípélé jókòó sórí àkàbà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń fi èékánná tú èépá kan lórúnkún ara rẹ̀, ibi tó ti ṣubú. Ìyá gbá a lọ́wọ́. “Fi í sílẹ̀,” ó ní, “kò tíì jinná.”